Ìbò Gómìnà Tí "Yes Ma" Mú Mi Dì

Thames View, Barking,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Rìsíkátù, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé jáde ní ọsibítù nígbà tí ìyá rẹ̀ kò tíì lè dìde,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ara òun le, pé àwọn ọmọ ilé ìwé tí òun ń bu oúnjẹ fún ní Valence ṣì ń béèrè rẹ, àti pé kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún ní kí n má jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn. Mi ò ṣèlérí.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Dádì ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ìdí ni pé bí mo bá gbé fóònù láti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ gidi, o ti máa ń ní "Yes Dad" kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, èmi náà á sì gbàgbé ìyókù. Lẹ́tà kò ṣeé dá lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wá ibì kan jókòó sí, kà á tán, kí o tó sọ ohunkóhun.

Ohun tí o fi ẹkún sọ fún mi ní Sọ́ńdè kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ dáadáa. O ní ọ̀sẹ̀ kejì tí o dé Míṣígánì ní Amẹ́ríkà ni Alhaja, ìyá Múfú, pè ọ́ lórí fídíò. Ó kí ọ, ó ṣàdúrà fún ọ, ó béèrè bóyá o ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran tó tọ́ fún mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rìsí, ṣé wàá bá mi fẹ́ Múfú ọmọ mi?" Ìwọ sì ní, "Yes ma."

"Dad, I didn't even think," bí o ṣe wí fún mi nìyẹn. "Mo kàn ní 'Yes ma' ni. That's what you say, innit? Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Next thing, sister Múfú ti ń fi picture aṣọ ránṣẹ́ sí mi, tó ń bi mí which colour."

Kó tó di pé o pè mí ni Alhaja ti pè wá. Ó ní ọmọ ti gbà, kí a mú ọjọ́ kan nínú oṣù tó ń bọ̀ tí àwọn máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo pe Alhaji, bàbá Múfú, ní Dagenham Village lọ́hùn-ún, a jọ rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dé. O mọ ohun tí Alhaji jẹ́ sí mi. Ogún ọdún la fi jọ wa bọ́ọ̀sì ní gáréèjì kan náà. Òun ló kó èèyàn wá síbi ìkómọ rẹ nígbà tí mi ò tíì mọ ẹnì kankan ní àdúgbò yìí. Mo ti ń fojú inú rí wa, èmi àti òun, bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ, tí a wọ agbádá, tí a jókòó síwájú àlùfáà.

Àfi bí o ṣe pè ní Sọ́ńdè. O ní o kò fẹ́ Múfú, pé kò ṣe ohun burúkú kan, pé o kàn kò fẹ́ ẹ ni. O ní ṣùgbọ́n o ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún àgbà, ọjọ́ sì ti ń sún mọ́, o kò mọ bí o ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀ láìsọ wá di ẹni ẹ̀tẹ́. O wá ní, "Maybe kí n kàn fẹ́ ẹ, Dad. He's nice." Gbólóhùn yẹn ló dá ẹ̀rù bà mí jù. Mo ní kí o fara balẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí ibùsùn rẹ. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi mọ̀ pé ó tó àkókò láti sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ láti ìgbà tí a ti bí ọ.

Ọjọ́ tí o sọ fún wa pé Míṣígánì ni wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ apòògùn, o rí i pé mo dákẹ́. O rò pé ọ̀nà tó jìn ni mò ń rò. O mọ̀ pé mo gbé ibẹ̀ rí nígbà èwe mi. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí tí mo fi kúrò. Gbogbo ìgbà tí o bá bi mí, mo máa ń ní òtútù ló lé mi. Irọ́ ni, ọmọ mi. Ìbò ló lé mi, ìbò gómìnà kan ṣoṣo tí mo dì láyé mi ní ilẹ̀ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo lọ kọ́. Mo gba yàrá kan ní òkè ilé ìyá arúgbó kan, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Hattie lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fi máa gbé orúkọ ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sẹ́nu? Màmá ni mò ń pè é. Ní ọjọ́ kìíní ó ní, "Child, I ain't your mama." Kò tó oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń fi oúnjẹ pamọ́ dè mí nínú ààrò bí mo bá pẹ́ ní ilé ìwé.

Mo lọ gba ìwé ìwakọ̀. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìwakọ̀ náà ni èèyàn ti lè forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Èmi ò mọ̀. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tó ìyá mi í bí, ó sì ń yára béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣé àdírẹ́sì rẹ nìyí? Yes ma. Ṣé ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ́? Yes ma. Ṣé o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti máa dìbò? Yes ma. Àbẹ̀kẹ́, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ èyí tó wà láàárín. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ máa fi "bẹ́ẹ̀ ni mà" tì í lẹ́yìn, kí àgbà lè mọ̀ pé ọmọ ń gbọ́, pé kò sùn, pé ó ní ẹ̀kọ́. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Mò ń kí i ni. Òun rò pé mò ń dá a lóhùn. Ó ti ìwé kan sí mi, mo buwọ́ lù ú láì kà á, mo sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń dágbére. Mo rántí pé inú mi dùn pé mo hùwà ọmọlúàbí láàárín àwọn òyìnbó.

Nítorí náà, èkínní. Ìwé yòówù kí wọ́n gbé síwájú rẹ níbẹ̀, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹni mẹ́wàá ló tò sẹ́yìn rẹ, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí o kò bá gbọ́ ìbéèrè, ní kí wọ́n tún un sọ. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni wọ́n fún ọ, o kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó bá sì bi ọ́, bó tilẹ̀ dà bí ìyá rẹ, sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò tilẹ̀ ṣe òfófó, ọ̀wọ̀ ló ń ṣe, ọ̀ràn náà sì wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, káàdì ìbò dé nínú lẹ́tà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń yí i síwá sẹ́yìn. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Ó gbé e lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé gúúsù ni wọ́n ti bí òun, pé bàbá òun kú láì dìbò rí, kì í ṣe pé kò fẹ́, wọn kò jẹ́ kó dì í ni. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dìbò ní Míṣígánì, òun wọ bàtà bàbá òun lọ, bó tilẹ̀ tóbi jù fún òun. Irú ẹni tó wá ń yọ̀ sí káàdì mi nìyẹn. Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Yes ma."

Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ dìbò gómìnà. Gómìnà tó wà lórí àga fẹ́ padà síbẹ̀, ẹnì kejì sì ń bá a du àga náà. Ti gómìnà ni Màmá ń ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń tẹ̀ lé e kiri àdúgbò, mò ń bá a gbé àpò ìwé pélébé-pélébé tó ń pín, òun sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bí onílé bá ní òun kò ráyè ìbò, Màmá kò ní bínú, á kàn dúró síbẹ̀ títí tí ojú fi máa ti onítọ̀hún. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, mi ò ní tan ọ́. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn bí ìyá tó bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn mo ti béèrè lọ́wọ́ Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wá láti Abẹ́òkúta, òun ló sì ní, "Ìwọ! Àlejò kì í dìbò. Wọ́n lè lé ẹ o."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú láti sọ fún Màmá. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, ó ń sunkún nípa àbúrò rẹ̀ tó kú, mo fi í sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níjòókòó, ó sì ń fi mí yangàn fún wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwa méjì péré la wà nídìí tábìlì. Mo ti la ẹnu. Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ní, "You gonna walk in there with me, ain't you, son?" Mo ṣì ń rántí bí ẹ̀wà tó wà nínú àwo mi ṣe tutù. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta pòórá, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Yes ma."

Èkejì nìyẹn, ó sì ṣe kókó ju èkínní lọ. Àwọn àgbà ní kí a má fi ìtìjú kárùn. Ojú tó ń tì mí láti ba inú ìyá arúgbó kan jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ló ba ayé mi jẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ìwọ mọ̀ mí, o mọ̀ pé èmi kì í ṣe ojo. Mo ti kojú ọ̀mùtí nínú bọ́ọ̀sì, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó bá fẹ́ràn mi, ahọ́n mi a máa di ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo gbà pé ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀, ibi tí o sì ti rí i jogún, má wá a lọ jìnnà.

Ọjọ́ ìbò pé. Màmá wọ fìlà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A rìn lọ sí gbọ̀ngán ilé ìwé tó wà ní ìkángun òpópónà, ó fi apá rẹ̀ kọ́ tèmi. Mò ń gbàdúrà kí orúkọ mi má sí nínú ìwé wọn. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n fi kọ́tìnnì dí. Mo dúró níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo lè jáde bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ̀? Mo wo ìsàlẹ̀ kọ́tìnnì, mo rí bàtà Màmá lọ́hùn-ún, bàtà ọkùnrin, ó tóbi, ó ti gbó, ó ń dúró dè mí. Mo dìbò fún gómìnà. Gbogbo àwọn orúkọ yòókù, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí mo jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

Gómìnà wa fìdí rẹmi. Ìbò tó fi fìdí rẹmi kò tó nǹkan rárá, ó ya gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá po kọfí fún mi, ó po fún ara rẹ̀, ó ní, "Well, son, we did ours." Mo ní yes ma. Ọdún kejì ni àìsàn gbé e lọ. Kò mọ̀ títí tó fi kú pé ọmọ tí òun fà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ń rú òfin. Bí mo bá sọ fún un, mo mọ̀ lónìí ohun tí ì bá ṣe: ì bá já káàdì yẹn kúrò lára fìríìjì, á bú mi, á sì fún mi ní oúnjẹ. Ìyá yẹn lágbára láti gbọ́ "rárá." Èmi ni mi ò fún un láyè. Mo fojú àìlera wò ó, mò ń pè é ní ọ̀wọ̀.

Mo jáde ìwé, mo ríṣẹ́ tó dára. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ di ọmọ onílẹ̀. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kọ́lá ní, "Tí wọ́n bá bi ẹ́ bóyá o ti dìbò rí, rárá ni kó o sọ o. Ta ló fẹ́ yẹ ìwé wò?" Ọkùnrin kan ló bi mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa, mo sì mọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ máa fà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dìbò gómìnà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí, àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀. Àánú kọ́ ló ń kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí èsì dé pé kí n kúrò ní ilẹ̀ wọn, mo di àpótí méjì, mo wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Dagenham.

Ibí yìí ló yẹ kí n sọ pé bí kì í bá ṣe ọ̀ràn yẹn, ǹ bá má rí ìyá rẹ, ǹ bá má bí ọ. Òtítọ́ ni, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n o ti dàgbà, wàá gbọ́ èyí tó kù: iṣẹ́ tí mo kàwé fún, mi ò ṣe é mọ́ láéláé. Mo wa bọ́ọ̀sì láti ibí dé ibùdókọ̀ Barking, lọ bọ̀, lọ bọ̀, fún ogún ọdún ó lé. Mi ò tijú rẹ̀. Ó dùn mí.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta nìyí tàbí ẹ̀kẹrin, ìwọ bá mi kà á. Ẹyin lohùn, lóòótọ́, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin tí o jù sílẹ̀ lónìí, tètè nu ilẹ̀. Bí mo bá sọ fún obìnrin inú ọ́fíìsì yẹn ní ọjọ́ kejì pé àṣìṣe wà, ẹ̀rín ni ì bá rín. Bí mo bá sọ fún Màmá nígbà tí káàdì dé, ẹkún ìrọ̀lẹ́ kan ni. Bí ó ṣe ń pẹ́ sí i ni ó ń wọ́n sí i. Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Alhaja kò tíì kọjá ẹkún ìrọ̀lẹ́ kan. Bí wọ́n bá ti gbé igbá wá sílé yìí, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá sì di ọjọ́ yìgì, àlùfáà á bi ọ́ lójú gbogbo èèyàn bóyá o gbà. Mo mọ ọmọ tí mo tọ́. Mo mọ ohun tí ẹnu rẹ máa sọ.

Nítorí èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣé o rántí ẹ̀wù òtútù pupa rẹ? O kò lè rántí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Mo wá mú ọ ní ilé ìwé, mo bá ọ ní ìta, tí ètè rẹ ti di dúdú fún òtútù. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ ló ní òun fẹ́ wọ ẹ̀wù rẹ, o sì bọ́ ọ fún un. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, "She asked me, Daddy." Tíṣà rẹ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "She says yes to everybody, Mr. Ràṣídì. It worries me a little." Mo dá a lóhùn pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo fi í ṣe ìròyìn fún Alhaji nígbà tí a pàdé ní gáréèjì, inú mi ń dùn. Obìnrin yẹn rí ohun tí èmi bàbá kò rí. Mo bẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo kọ́ ọ ní ìdajì ẹ̀kọ́, mo sì gbàgbé ìdajì kejì. Dárí jì mí.

Ìdajì kejì náà rèé. Nílé lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà mọ̀ pé ọmọ kò lè kọ̀ fún àgbà lójú. Ìdí tí wọ́n fi ń lo alárinà nìyẹn. Ìyá ọkọ kì í bi ọmọ léèrè fúnra rẹ̀. Alárinà á lọ bá a lẹ́yìnkùlé, á bá a ṣeré, á tọ́ ọ wò, á sì mú òótọ́ padà wálé, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tì. Alhaja mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dàgbà ní Abẹ́òkúta bíi tèmi, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín "mo gbọ́" àti "mo gbà." Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ, ó sì ń yára, ó wá gbọ́ èyí tó wù ú. Mi ò bá a jà. Èmi náà gbọ́ èyí tó wù mí.

Nítorí kò sí alárinà, ìwọ ni kí o sọ ọ́. Má jẹ́ kí èmi bá ọ sọ ọ́, bí mo bá bá ọ sọ ọ́, Alhaja á rò pé bàbá ló kọ̀, ọmọ ń fẹ́. Pè é lọ́sàn-án, nígbà tó bá ti jẹun. Má pè é lórí fídíò, ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ sì máa ń yára jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà kí o ní: "Alhaja, ẹ má bínú mà. Nígbà tí ẹ bi mí, mo dá yín lóhùn nítorí pé ìyá mi ni yín. Mi ò tíì rò ó nígbà yẹn. Mo ti rò ó báyìí. Mi ò ní lè fẹ́ Múfú mà." Kí o wá dákẹ́. Má wá àlàyé kún un. Má ní iṣẹ́ ń dí ọ lọ́wọ́, á ní òun á dúró. Má ní ọ̀nà jìn, á ní Múfú á wá bá ọ. Má sì bú ọmọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ọ̀wọ̀ tí mo kọ́ ọ wà nínú "ma," ọmọ mi, kò sí nínú "yes." "No ma" náà ní "ma" nínú.

Nípa ti Alhaji, má da ara rẹ láàmú. Bó bá bínú sí mi, á bínú. A ti jà lórí ohun tí kò tó èyí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ wa máa fi bẹ́ẹ̀ parí, inú mi á bàjẹ́ gidigidi, mi ò ní sọ pé kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni mo fi í ṣe, mi ò fi ọmọ mi ra ọ̀rẹ́.

Ìyá rẹ wọlé bí mo ṣe ń kọ ibí yìí. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó lo awò mi, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé á ní ó gùn jù. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Bàbá Rìsí, o ti sọ ti Alhaja, o ti sọ ti Hattie. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi báwo?"

Ó ní, "Ta ló ti ń sọ 'Múfú yìí, ọmọ dáadáa ni' létí ọmọ yẹn láti ìgbà tó ti wà ní university? Gbogbo Iléyá. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá wá kí wa. Kí ló máa ń sọ fún ẹ?"

Ó gbé ìwé lé mi lẹ́sẹ̀, ó lọ sí kíṣíìnì. Mo tún gbé bírò.

Òótọ́ ló sọ. Mo ti ń bi ọ́ tipẹ́tipẹ́, mò ń pè é ní eré, ìwọ sì ń ní "Yes Dad." Alhaja kọ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ṣì ń fẹ́ kí o fẹ́ ẹ. Ó wà lọ́kàn mi níbẹ̀, kò tíì lọ. Mò ń sọ ọ́ fún ọ kí o má baà rò pé lẹ́tà yìí ti mú un kúrò, kí o wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i lójú mi, kí o sì tún yí ọ̀rọ̀ padà nítorí mi.

Bí o bá ti kà á tán, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ pé o ti kà á. Màá pè ọ́, mi ò ní kí ọ, mi ò ní béèrè òtútù. Màá kàn ní, "Rìsíkátù, ṣé wàá fẹ́ Múfú?" Màá sì dúró. Bó bá gba wákàtí kan kí ẹnu rẹ tó là, mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Kí o tó pe Alhaja, kí o tó pe ẹnikẹ́ni, èmi ni kí o kọ́kọ́ kọ̀ fún.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ràṣídì.